Kánọ́ọ̀nù Josiah Ransome-Kuti: Ọmọ Ìgbẹ̀ìn tó kọ́ ìjọ láti máa kọrin bí ọmọ Yorùbá

Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn ìdílé tí òkìkí wọn kàn jù lọ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, kò lè ka mẹ́ta kó má tíì dárúkọ ìdílé Ransome-Kuti. Inú agboolé yìí ni Fẹlá ti jáde, ọkùnrin tó fi orin bá àwọn ìjọba ológun wọ̀yá ìjà. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye, tó ṣe mínísítà fún ètò ìlera láti ọdún 1985 títí di 1992, ti wá. Ibẹ̀ náà ni àbúrò àwọn méjèèjì, Dókítà Beko, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ti wá. Bí a bá sì tọ ìdí ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká dé òkè, agboolé yìí kan náà la óò bá ara wa. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ayé mọ̀. Ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ dáadáa ni bàbá tó la ọ̀nà fún gbogbo wọn, ìyẹn Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti, ẹni tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ sí àlùfáà olórin nígbà ayé rẹ̀.

Kì í ṣe tìtorí pé ó bí ọmọ, tí ọmọ rẹ̀ sì bí ọmọ tó lókìkí, la ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ohun tó mú kí ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà ni pé ó di ohun kan mú tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ fojú fò dá. Ohun náà ni pé èdè Yorùbá ti ní orin nínú ara rẹ̀, àti pé ẹni tó bá fi tipátipá gbé ohùn àjèjì lé e lórí, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́. Orí òye yìí ló fìdí iṣẹ́ nǹkan bí ogójì ọdún múlẹ̀ lé.

Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, ọdún 1855 ni wọ́n bí i ní Ìgbẹ̀ìn, nílùú Abẹ́òkúta. Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà nígbà náà, nítorí nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ níwájú wọn, wá tẹ̀dó sábẹ́ òkè Olúmọ lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn àtijọ́ ká. Ọdún 1843 ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere ti ẹgbẹ́ CMS, kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta. Ọdún 1846 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Samuel Ajayi Crowther wà nínú wọn, wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ọdún kẹsàn-án tí ẹ̀sìn tuntun náà ti ń ta gbòǹgbò nílùú ni wọ́n bí ọmọ tí à ń wí yìí.

Likoye Kuti ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn ẹ̀sìn àwọn òyìnbó rárá, kò sì fẹ́ kí ilé òun yà sọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà, Anne Ekidan Efupeyin, ti gba ẹ̀sìn Kírísítì, ó sì wà lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà nìyẹn láàárín ohun méjì tó ń fa ara wọn: bàbá di ti àtijọ́ mú, ìyá sì di ti tuntun mú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú fi jẹ́ pípa ohun méjì pọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn: inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ.

Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1863. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ fi í sílé ẹ̀kọ́ CMS tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ fún iṣẹ́ ìjọ ní Abẹ́òkúta. Ọdún yẹn kì í ṣe ọdún ìrọ̀rùn fún àwọn Ẹ̀gbá. Oṣù kẹta ọdún 1864 ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì tún ya bo ìlú, bí wọ́n ti ṣe ní ọdún 1851, ṣùgbọ́n wọn kò rí odi ìlú wọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjà tún dé láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba òyìnbó tó wà l'Ékòó. Ọdún 1867 ni inú ru àwọn ará ìlú, tí wọ́n sì wó ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó. Àwọn àgbàlagbà Ẹ̀gbá kò gbàgbé ọ̀rọ̀ Ìfọ́lé yìí títí di òní. Àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, wọ́n gba Èkó lọ, ilé ẹ̀kọ́ náà sì bá wọn lọ síbẹ̀. Josiah kò tíì ju ọmọ ọdún 12 lọ nígbà yẹn, ó sì ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ̀sìn tí wọn kò bá fi ìlànà àwọn onílé gbìn, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa wó o.

Ọdún 1871 ló lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà l'Ékòó. Nígbà tó parí, ó padà sílé láti wá ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Pétérù Mímọ́ tó wà ní Aké. Ọdún 1879 ni wọ́n tún gbé e lọ sí Èkó, lọ́tẹ̀ yìí sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti CMS, níbi tó ti ń kọ́ wọn lórin. Nǹkan bí ọdún 12 ló lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1882 ló gbé Bertha Erinade Olubi níyàwó.

Èkó tí à ń wí yìí ti di ìlú tí àwọn ọ̀làjú ti ń fi orin ilẹ̀ òyìnbó ṣe fàájì. Wọ́n ń ṣe àṣálẹ́ orin nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń tẹ dùrù, wọ́n ń kọ orin olóhùn mẹ́rin bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n kọ, ará oko ni wọ́n kà á sí. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn kan nínú àwọn ọ̀làjú náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n ń pàdánù. Wọ́n ń wọ agbádá dípò kóòtù, wọ́n ń pa orúkọ òyìnbó tì. Nínú wọn ni àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń pè ní David Vincent, ẹni tó sọ ara rẹ̀ di Mọ́jọlà Àgbébí ní ọdún 1894. Inú afẹ́fẹ́ yìí ni Josiah Ransome-Kuti ti ń mí. Òun kò pa orúkọ òyìnbó tì, nítorí Ransome tó wà níwájú Kuti, ọ̀dọ̀ òyìnbó ajíhìnrere ni wọ́n ti mú un wá. Ibi tí tirẹ̀ gbà yọ ni orin.

Ọdún 1891 ló fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó sì padà sí Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni ìjọ ní Gbágùrá. Ọdún yìí kan náà ni wọ́n bí ọmọ rẹ̀, Israel Oludotun, tí a óò padà dé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Gbágùrá, òun ni iṣẹ́ ìjọ já lé léjìká. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ti ko ó lójú.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìbéèrè náà, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Àwọn ajíhìnrere ti túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ inú orin di Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn orin kò yí padà, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Aké. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn kò ní wàhálà nínú, torí bí ohùn bá gòkè tàbí tó wálẹ̀, ọ̀rọ̀ kò kúrò níbi tó wà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń yà ọ̀rọ̀ wa sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Igbá tí a fi ń bu omi yàtọ̀ sí igba tí í ṣe iye owó, ó yàtọ̀ sí ìgbà tí í ṣe àkókò, ó tún yàtọ̀ sí ìgbá tí a fi ń se ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá gbé ohùn ọkọ́ fún ọkọ, ó ti sọ olówó orí obìnrin di ohun tí wọ́n fi ń kọ ebè.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ìjọ yóò dìde, wọn yóò gbé orin, ohùn orin yóò sì máa fa ọ̀rọ̀ lọ síbi tí kò ń lọ. Ẹni tó bá mọ̀wé yóò máa wo inú ìwé orin, ojú rẹ̀ ni yóò sì fi mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń ti oko Gbágùrá bọ̀, tí kò mọ ìwé kà, kí ló máa fi mọ̀ ọ́n? Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ariwo àwọn òyìnbó lásán ni. Ó sì gbọ́ orin tó mọ́gbọ́n dání lójoojúmọ́ ayé rẹ̀: ó gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, ó gbọ́ ọ níbi òkú, ó gbọ́ ọ lójúbọ, ó gbọ́ ìlù tó ń pe oríkì rẹ̀ láìlo ẹnu. Ìlù gángan ń sọ̀rọ̀, tí a sì ń gbọ́ ọ yé, nítorí pé ohùn èdè wa ló ń tẹ̀ lé. Ìyẹn ni pé igi àti awọ lásán mọ ohun tí ìwé orin kò mọ̀.

Ransome-Kuti kò jókòó ti ìbéèrè yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn lédè Yorùbá lọ́nà tí ohùn orin yóò fi máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì ń mú lára ohùn orin tí àwọn èèyàn ti ń kọ tẹ́lẹ̀ láàárín ara wọn, ó ń fi ọ̀rọ̀ ìyìn Ọlọ́run sínú rẹ̀. Orin ló fi ń wàásù, òun ló sì fi ń fa èèyàn wá. Ẹni tí kò ní dúró gbọ́ ìwàásù yóò dúró gbọ́ orin, bó bá sì ti gbọ́ orin tán, tó yé e láìsí ẹni tó ń túmọ̀, ìwàásù ti wọlé nìyẹn. Orin tó bá ohùn èdè mu kò nílò ìwé. Ọmọdé á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, á gbé e lọ sílé, ìyá rẹ̀ tó ń gún iyán á gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ló dáwọ́ lé. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìgbà náà, orin ìbílẹ̀ àti ìlù kò yàtọ̀ sí ìbọ̀rìṣà. Wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀ lójúbọ nígbà tí wọ́n wá sínú ìjọ, wọn kò sì fẹ́ kí ohunkóhun tẹ̀ lé wọn wọlé. Lójú àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ó lè jọ pé wọ́n ń gba ohun tí í ṣe tiwọn, wọ́n sì ń fi í bá wọn jà. Òtítọ́ ni pé àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n ń rò. Àlùfáà náà kò wá dáàbò bo òrìṣà. Ó fẹ́ kí àwọn èèyàn fi òrìṣà sílẹ̀ ni. Síbẹ̀, nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó di ẹni tó gba ohùn orin àwọn baba wa là lọ́wọ́ ìgbàgbé, ó sì fi hàn pé kò sí ohun àbùkù nínú rẹ̀ tí kò fi lè dúró níwájú Ọlọ́run.

Ipò rẹ̀ nínú ìjọ ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1895 ni wọ́n fi í jẹ díákónì, nígbà tó sì di ọdún 1897, ó di àlùfáà. Abẹ́òkúta ìgbà náà ṣì ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. Ọdún 1898 ni wọ́n gbé ìjọba ìṣọ̀kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá kalẹ̀, tí wọ́n ní ọ́fíìsì, ilé ẹjọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn. Láti ọdún 1902 títí di 1906, àlùfáà náà ṣe iṣẹ́ adájọ́. Nígbà tó di ọdún 1911, wọ́n fi í ṣe alábòójútó ìjọ ní Abẹ́òkúta. Ó wà nílé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira Ẹ̀gbá ní ọdún 1914, ó sì wà nílé nígbà tí ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1918 nítorí owó orí àti iṣẹ́ ọ̀ranyàn. Lákòókò tí ọ̀pọ̀ nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá báyìí, orin jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wọn. Títí di òní, tí wọ́n bá ń kọ orin ìwúrí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, èyí tí wọ́n fi ń yìn òkè Olúmọ àti òmìnira tí àwọn baba wọn rí lábẹ́ rẹ̀, Ransome-Kuti ni wọ́n ń pè ní ẹni tó kọ ọ́. Ìmàle ń kọ ọ́, Kìrìsìtẹ́nì ń kọ ọ́, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà ń kọ ọ́, ó sì ń mú orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wú.

Ọdún 1922 ni ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ ré kọjá òkun. Lọ́dún yẹn ni wọ́n fi í jẹ kánọ́ọ̀nù ní Kàtídírà Kírísítì l'Ékòó. Ọdún yẹn kan náà ló bá iṣẹ́ ìjọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ẹgbẹ́ CMS ń ṣe àfihàn ńlá nípa iṣẹ́ wọn káàkiri ayé. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Zonophone, tó ń ṣe àwo orin, ti pè é wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ó sì kọ orin Yorùbá tó lé ní 40 fún wọn.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń gbohùn sílẹ̀ nígbà yẹn yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò rọrùn. Makirofóònù kò tíì dé ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ó di ọdún 1925 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tó ń lo iná mànàmáná. Iwájú ìwo ńlá kan ni olórin yóò dúró sí, yóò sì gbé ohùn rẹ̀ sókè, kí agbára ohùn náà lè ti abẹ́rẹ́ tó ń ya ilà sára ìda. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀ jù, abẹ́rẹ́ kò ní gbé e. Bí olórin bá ṣì í kọ, kò sí ọ̀nà láti tún ibì kan ṣe. Ó di kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojú àwo kan sì lè gbà. Ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́, ó ti sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Síbẹ̀, ó kọ orin lé orin, títí tó fi kó ogójì kọjá. Ó wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ ṣe àwo orin lédè Yorùbá, ó sì ti ṣe é kó tó di pé jùjú, sákárà àti àpàlà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú àwo.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ìbéèrè tó ń dáhùn yìí ti dìde. Ní Japan, láti ọdún 1881 ni ìjọba ti ń kó orin ìwé fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú ohùn orin náà ni wọ́n sì mú láti Scotland, Jámánì àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ Japan sínú rẹ̀. Ohun èlò orin àwọn baba wọn wà níbẹ̀: koto, pákó gígùn olókùn 13 tí wọ́n ń fi ìka ta, àti shamisen, olókùn mẹ́ta tí wọ́n fi awọ bò níkùn. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ di ohun àtijọ́ lójú àwọn ọ̀làjú. Afọ́jú kan, Michio Miyagi, tí wọ́n bí ní ọdún 1894, ló gba ọ̀ràn náà rò. Ọdún 1920, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àṣálẹ́ orin kan tí wọ́n fi kéde orin Japan tuntun. Ọdún 1921 ló ṣe koto olókùn 17, kí ohùn ìsàlẹ̀ lè wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà nínú orin òyìnbó. Kò pa koto tì, kò sì pa orin òyìnbó tì. Nígbà tó fi máa kú ní ọdún 1956, kò sí ọmọ Japan tó lè pe koto ní ohun àtijọ́ mọ́. Ọkùnrin yìí kò mọ Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìgbẹ̀ìn kò sì bá a pàdé, ṣùgbọ́n àkókò kan náà ni àwọn méjèèjì ń fi iṣẹ́ wọn sọ fún ayé pé ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀la kò gbọ́dọ̀ ju ohùn baba rẹ̀ sẹ́yìn.

Nígbà tí Kánọ́ọ̀nù padà sílé, àwọn àwo rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n ń gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ giramafóònù nílé àwọn tó lówó láti rà á. Ní oṣù kìíní ọdún 1925, ó fojú rí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, Israel Oludotun, tó gbé Fúnmiláyọ̀ Thomas níyàwó. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ohun tí ìgbéyàwó náà máa bí. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1930 ni Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti jáde láyé, lẹ́ni ọdún 75.

Bí ó ti ń lọ, nǹkan tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìsìn Kírísítì nílẹ̀ Yorùbá. Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti wà nílẹ̀ l'Ékòó láti ọdún 1925, ọdún 1930 gan-an sì ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá mi Iléṣà tìtì. Nínú àwọn ìjọ aládùúrà wọ̀nyí, orin Yorùbá ni wọ́n ń kọ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lùlù, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ṣé ó tọ́. Àwọn ìjọ àtijọ́ náà kò dúró lójú kan. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùrù ní Kàtídírà Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá bí ohùn orin yóò ṣe bá ohùn èdè mu, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1953. Fela Sowande, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gbá, gbé ohùn orin ìsìn Yorùbá sínú orin dùrù àti orin ẹgbẹ́ olókùn tí wọ́n ń lù kárí ayé. Ọ̀nà tí Ransome-Kuti wà lára àwọn tó kọ́kọ́ là ni wọ́n ń tọ̀. Ní ọdún 1942, ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn, Isaac Delano, ẹni tí àwọn òǹkàwé Yorùbá mọ̀ dáadáa nítorí ìwé rẹ̀, Aiyé d'Aiyé Òyìnbó, kọ odidi ìwé kan lórí ìgbésí ayé Kánọ́ọ̀nù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù.

Orin náà kò sì kúrò nílé rẹ̀. Israel Oludotun di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ gírámà Abẹ́òkúta láti ọdún 1932 títí di 1954, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ sí ààfin láàárín ọdún 1947 sí 1949 nítorí owó orí. Kì í ṣe ọ̀kọ̀ tàbí ìbọn ni wọ́n fi jà. Orin ni, orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú bí abẹ, tó sì yé gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè fún ìgbà kan ní ọdún 1949. Ọmọ wọn àkọ́bí lọ́kùnrin ni wọ́n sọ ní Olikoye, kí orúkọ baba àgbà tó kọ ẹ̀sìn tuntun náà má baà parun.

Lẹ́yìn náà ni Fẹlá dé. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú Kánọ́ọ̀nù, ìyẹn ní 1938, ni wọ́n bí i, wọn kò rí ara wọn rí. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni Fẹlá yọ Ransome kúrò lára orúkọ rẹ̀, tó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀, tó sì ń fi orin bú ẹ̀sìn tí baba àgbà rẹ̀ fi gbogbo ayé sìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wo èyí bí ẹni pé ọmọ ló sọ ilé baba nù. A kò lè sọ pé wọ́n purọ́, nítorí ohun tí àwọn méjèèjì gbà gbọ́ jìnnà sí ara wọn bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe iṣẹ́ wọn. Baba àgbà mú ohun èlò àti ètò orin òyìnbó, ó fi ohùn Yorùbá sínú rẹ̀, ó sì gbé e lọ bá àwọn mẹ̀kúnnù tí ọ̀làjú kò kà sí. Ọmọ-ọmọ mú fèrè àti gìtá òyìnbó, ó fi ìlù àti ohùn ilẹ̀ wa sínú rẹ̀, ó sì gbé e lọ bá àwọn mẹ̀kúnnù kan náà. Ẹ̀sìn ló yà wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ kò yà wọ́n.

Àwọn kan nínú àwo tí Kánọ́ọ̀nù ṣe ní ọdún 1922 ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá wá a yóò rí i gbọ́. Ariwo abẹ́rẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ohùn náà sì ti jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni pé ọmọ Yorùbá tó bá tẹ́tí sí i lónìí, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, yóò ṣì gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yékéyéké láìwo ìwé. Ohun tí àlùfáà náà ń wá gan-an nìyẹn. Ewu tó wà nílẹ̀ báyìí kò sí lọ́wọ́ orin mọ́, etí ló wà. Bí a bá ń bá àwọn ọmọ wa sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ dé alẹ́, tí wọn kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín igbá àti ìgbà, àwo náà yóò máa kọrin, ṣùgbọ́n nínú ilé tirẹ̀ gan-an ni yóò ti dà bí orin àjèjì. Ogún tí Josiah Ransome-Kuti fi sílẹ̀ fún ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ilé tàbí oko. Ohùn ni, ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀ nìkan ló sì lè jẹ ogún náà.